Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà Bí A Bá Fẹ́ Máa Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀ Nílé?

Bí gbogbo nǹkan ti ń gbówó lórí sí i, àwọn bàbá kan nínú ìjọ, àti àwọn ìyá tí wọ́n ń wa ọkọ̀ fúnra wọn, ń bi wá léèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí ènìyàn máa pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe. Iṣẹ́ náà kò le, kò sì gba ọjọ́ púpọ̀ láti kọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú, tí àwọn ènìyàn kì í sábà béèrè: irinṣẹ́ wo ni a ó fi ṣe é? Ẹni tí ó bá ra irinṣẹ́ tí kò yẹ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nítorí owó kékeré tí ó fẹ́ fi pamọ́. Bí kò bá sì ṣọ́ra, ó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án.

A kò sọ èyí bí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe méjì tí àwa fúnra wa ṣe, kí ẹ̀yin má baà ṣe irú rẹ̀.

Àṣìṣe wa kìn-ín-ní

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹbí wa kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi àpótí irinṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí wa. Àpótí náà dára lójú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kún inú rẹ̀ ní ìtò-ìtò, gbogbo wọn sì ń dán. Inú wa dùn, a sì sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé a kò ní san owó mẹkáníìkì nítorí ọ́ìlì mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, a wọ abẹ́ Toyota Camry wa lọ, a sì wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń tú kí ọ́ìlì lè dà sílẹ̀. A rí ọ̀kan tí ó wọ̀ ọ́. Ó ń mì díẹ̀ lórí nọ́ọ̀tì náà, ṣùgbọ́n a rò pé kò burú. A fi gbogbo agbára wa yí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yí, nọ́ọ̀tì kò yí. Nígbà tí a yọ ọ́ wò, gbogbo igun nọ́ọ̀tì náà ti jẹ, orí rẹ̀ ti di rogodo.

A ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wa. Ó wò ó, ó mi orí, ó béèrè pé, “Bàbá Pásítọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì wo lẹ fi tú u?” A gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ó rí 9/16. Ó ní, “Ẹ má bínú o, sà, ti íǹṣì nìyí. 14 ni nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yín.”

Ọ̀rọ̀ náà yé wa lọ́jọ́ náà. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn nọ́ọ̀tì àwọn ọkọ̀ Japan, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí ń ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ti íǹṣì. 9/16 íǹṣì jẹ́ mìlímítà 14.29. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti 14 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà kan. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí ó bá le mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni 11/16 íǹṣì ṣe ń tan àwọn oní Honda jẹ, nítorí pé mìlímítà 17.46 ni, nígbà tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ Honda jẹ́ 17. Àpótí wa kún, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo tí a nílò kò sí nínú rẹ̀.

Àṣìṣe wa kejì

Èyí kejì ni ó dùn wá jù, a kì í sì í fẹ́ rántí rẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú. Jáàkì kékeré tí ó bá ọkọ̀ wá nínú búùtù ni a fi gbé iwájú ọkọ̀ sókè, orí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ ni a sì gbé e lé. Ọmọ wa ọkùnrin, tí kò tíì pé ọdún 13 nígbà náà, dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wa. Ìyá rẹ̀ pè é láti inú ilé pé kí ó wá gba àkísà. Ó fà jáde, ó dìde. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ìdí jáàkì fi rì sínú yẹ̀pẹ̀, tí ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọkọ̀ sì já lulẹ̀. Bàsíà tí a gbé sábẹ́ rẹ̀ di pẹlẹbẹ.

Kò sí ẹni tí ó fi ara pa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kò lè dárúkọ ọgbọ́n kan tí a fi yọ ọmọ náà. Àkísà ni ó yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ètò tí a fi ń ra irinṣẹ́ wa kò tọ́. Sípánà ni a kọ́kọ́ ń wá kiri, nígbà tí ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá jẹ́ ohun tí yóò gbé ọkọ̀ dúró.

1. Ohun tí yóò gbé ọkọ̀ dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé ọkọ̀ sókè. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti gbé e dúró lórí ènìyàn. Jáàkì inú búùtù wà fún pípààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọkọ̀. Jáàkì ńlá tí ó ní táyà kéékèèké nísàlẹ̀ dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì inú rẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù náà. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá jó, yóò máa wálẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Corolla kékeré pàápàá wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì 20 lọ. Kò sí àyà ènìyàn tí ó lè gba ìdajì rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra ẹsẹ̀ irin méjì, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní jack stand. Méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń tà á. Èyí tí a kọ 2 tọ́ọ̀nù tàbí 3 tọ́ọ̀nù sí lára tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé. Bí tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ní Ládìípọ̀ l'Ékòó tàbí ní ọjà pátì mọ́tò tí ó wà nítòsí yín, ẹ má ṣe wo ọ̀dà rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, bóyá ó ti sán. Ẹ fa òpó àárín rẹ̀ sókè, kí ẹ wò bóyá eyín rẹ̀ gbá a mú dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara yín. Kì í ṣe pé a ń dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 2020, ilé ìtajà Harbor Freight ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníbàárà dá irú ẹsẹ̀ irin bẹ́ẹ̀ padà, oní 3 tọ́ọ̀nù àti oní 6 tọ́ọ̀nù tí orúkọ Pittsburgh wà lára wọn, nítorí pé eyín wọn lè yọ̀ lójijì. Ẹrù tòkunbọ̀ kì í gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Bí ẹ bá rí orúkọ náà lára èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi búlọ́ọ̀kù ilé rọ́pò ẹsẹ̀ irin. Búlọ́ọ̀kù oníhò máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í kọ́kọ́ ké. Ẹ má ṣe to òkúta léra wọn. Orí kọnkéré tí ó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà. Bí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ nìkan ni ẹ ní, ẹ wá pákó tí ó nípọn, tí ó sì fẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ jáàkì àti sábẹ́ ẹsẹ̀ irin. Bí ilẹ̀ bá sì tutù, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi wẹ́ẹ̀jì dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti jókòó lórí ẹsẹ̀ irin, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ tì í. Bí ó bá mì, ẹ tún un gbé. Ó sàn kí ó ṣubú nígbà tí ẹ wà níta.

Ohun kan tún wà tí kò ná yín lówó. Àwọn ọkọ̀ gíga kan wà tí ọwọ́ lè dé nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ wọn láìgbé wọn sókè rárá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sókè. Ohun tí kò bá lọ sókè kò lè já lulẹ̀.

2. Sípánà kan tí ó bá a mu sàn ju àpótí kan lọ

Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ Toyota, bíi Corolla àti Camry, jẹ́ 14. Ti ọ̀pọ̀ Honda jẹ́ 17. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, tàbí kí ẹ bi mẹkáníìkì yín, kí ẹ tó jáde lọ rajà. Lẹ́yìn náà, ẹ ra sípánà ríǹgì kan ṣoṣo tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ti nọ́ọ̀tì yín, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn díẹ̀, tàbí kí ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé ti mìlímítà ni.

Bí ẹ bá ń ra sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wo inú rẹ̀. Àwọn kan ní igun 6, àwọn mìíràn ní igun 12. Ẹ mú onígun 6, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ nọ́ọ̀tì ni ó ń dì mú. Onígun 12 ń sinmi lé igun rẹ̀, igun yẹn ni ó sì ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà Chrome Vanadium lára irinṣẹ́, irú irin líle tí ó yẹ fún sípánà ni wọ́n sọ pé àwọn fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí ara irin, nítorí náà ẹ gbé e lé nọ́ọ̀tì wò bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ regí.

Sípánà tí a ń yí ẹnu rẹ̀ kí ó lè fẹ̀ tàbí kí ó dín, ẹ má ṣe mú un wá síbi iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe lo púláyà. Ẹ má ṣe lo òòlù.

Bí ẹ bá ń dá nọ́ọ̀tì náà padà, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé títí tí yóò fi jókòó. Bí ó bá ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, kò wọlé ní tààrà. Ẹ tú u kí ẹ tún un ṣe. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i, nítorí wáṣà ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà fún un. Àwọn ọkùnrin alágbára ni wọ́n ń bà á jẹ́ níbí. Ọ̀pọ̀ Toyota kò fẹ́ ju nǹkan bíi 37 sí 40 Nm lọ, èyí tí ọwọ́ kan lè fún láìfi ara tì í. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àwo tí ọ́ìlì ń gbé. Bí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì jù, ẹ ó fa ìlà inú ihò rẹ̀ ya, ọ̀rọ̀ wáṣà yóò sì di ọ̀rọ̀ odidi àwo. Bí agbára yín bá gbé e, irú sípánà kan wà tí ó ń wọn bí a ti ń fún nǹkan tó, torque wrench ni wọ́n ń pè é. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

3. Irinṣẹ́ fílítà

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú fílítà tí ọkọ̀ yín ń lò. Irú kìn-ín-ní dà bí agolo mílíìkì, odidi rẹ̀ ni a ń yí kúrò tí a ń jù nù. Irú kejì jẹ́ bébà tí ó wà nínú ilé kan tí ó ní ìdérí. Irú rẹ̀ ni ó wà lára Corolla 1.8 ti Amẹ́ríkà láti ọdún 2009. Fún méjèèjì, irinṣẹ́ tí ó dára jù ni èyí tí ó rí bí ife, tí ó bo orí fílítà tàbí ìdérí náà, tí eyín inú rẹ̀ sì bá eyín ara rẹ̀ mu. Ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ síra wọn, nítorí náà ẹ mú fílítà tuntun lọ sí ìsọ̀, kí ẹ sì gbé ife náà bò ó kí ẹ tó sanwó. Fún ìdérí bébà pàápàá, ẹ má ṣe lo ẹ̀wọ̀n tàbí púláyà, nítorí wọ́n ń fọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń gún fílítà agolo ní sikurudiráfà kí wọ́n lè fi í yí i. Nígbà mìíràn agolo náà kàn ń ya ni, ìdí rẹ̀ a sì wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yọ ògbólógbòó, ẹ wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ bá a jáde. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì gbé tuntun lé e, ọ́ìlì yóò tú jáde nígbà tí ẹ bá ta iná sí ọkọ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa rọ́bà fílítà tuntun, kí ẹ fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà yóò fi kan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tún yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan. Ó tó. Irinṣẹ́ wà fún títú agolo náà, kì í ṣe fún fífún un.

4. Àwọn ohun kéékèèké

Bàsíà tí ó fẹ̀, tí kò ga, tí ó lè gba lítà 6 ó kéré tán, ni kí ẹ fi gba ọ́ìlì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́rin. Kí ó má ṣe jẹ́ bàsíà tí ẹ ń fi fọ aṣọ tàbí tí ẹ ń fi rẹ ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrọ: ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má ṣe mú ti ìyá àwọn ọmọ tí ó fi ń da epo pupa. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ onírọ́bà. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò ń fa jẹjẹrẹ ara fún àwọn eku tí wọ́n fi í pa lára fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kì í ṣe pẹtiróòlù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì; ẹ má ṣe gbé àtùpà tàbí àbẹ́là sábẹ́ ọkọ̀.

Ní ti ọ́ìlì fúnra rẹ̀, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí ìwé ọkọ̀ yín bá dárúkọ, ìbáà jẹ́ 5W-30 tàbí òmíràn, ni kí ẹ rà, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀. Bí èdìdì kẹ́ẹ̀gì bá ti já, ẹ dá a padà.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ

Ẹ ta iná sí ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ pa á. Kí ó má ṣe gbóná tí yóò fi bó yín lọ́wọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin bí a ti sọ. Ẹ ṣí ìdérí òkè, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó dà títí yóò fi máa kán tó-tó. Ẹ fi wáṣà tuntun dá nọ́ọ̀tì padà, kí ẹ pààrọ̀ fílítà. Ẹ ka irinṣẹ́ yín, kí ẹ gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ó tẹ́jú. Ẹ bu ọ́ìlì tuntun sí i, ṣùgbọ́n ẹ dá díẹ̀ dúró nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ta iná sí i fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ó ń jò. Ẹ pa á, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ fa géèjì yọ, kí ẹ fi èyí tí ó kù dí i dé ojú àmì òkè. Kí ó má ṣe kọjá àmì náà.

Ọ́ìlì àlòkù àti kànga ilé

Irinṣẹ́ ìkẹyìn tí ẹ nílò ni kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí dáadáa. Èyí tí ọ́ìlì tuntun bá wá ni ó dára jù. Ẹ da ọ́ìlì àlòkù sínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i lára, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò omi tàbí kẹ́ẹ̀gì epo jíjẹ, kí ẹnì kan má baà ṣì í mú. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìnkùlé. Àjọ tí ó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì láti ara ọkọ̀ kan, bí ó ti kéré tó, lè ba omi mímu tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ jẹ́, tí ó fi tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan. Àwa tí a ń fa omi láti inú kànga tí kò jìnnà sí ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì yín, yóò mọ ẹni tí ń rà á.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin ará, bí owó ọwọ́ yín kò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ ra ẹsẹ̀ irin lóṣù yìí, kí ẹ ra sípánà lóṣù tí ń bọ̀. Títí ẹ ó fi ra ẹsẹ̀ irin, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìyá tí ó bá rí i pé bàbá ilé fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ẹ má ṣe dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ fà á ní ẹsẹ̀ jáde.

Ọmọ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀dọ́kùnrin nísinsìnyí, òun náà sì ti ní ọkọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀, a kò fún un ní àpótí Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ irin méjì ni a rà fún un, àti sípánà 14 kan. Kí Olúwa máa pa ìdílé yín mọ́.